IGI EMI: IGI TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ GBÌN

Ọdún 25 kì í ṣe ọjọ́ 25.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ìtàn díẹ̀ sínú ìwé yìí, mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń retí ni ìtàn bí ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ alága àti iye tí à ń dá lọ́sẹ̀ nígbà náà. Gbogbo ìyẹn ti wà nínú ọ̀rọ̀ tí Alága wa sọ. Èmi lọ gbé àwọn ìwé àkọsílẹ̀ wa jáde láti inú àpótí, mo ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí èyí àkọ́kọ́. Ẹ óò rántí pé ẹni tó bá fẹ́ yá owó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ìwé àkọ́kọ́, òrí ló kún ojú ìwé: òrí, irú, òrí, èlùbọ́, gàrí, òrí. Nínú ìwé àwọn ọdún tó sún mọ́ wa yìí, èédú ló kún un. Àwọn tó ń fi owó ẹgbẹ́ ra òrí kò ju ìka ọwọ́ kan lọ mọ́. Ọwọ́ èmi náà ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ n kò kíyè sí i nígbà tí mo ń kọ ọ́.

Ìdí rèé tí mo fi ní kí n kọ ìtàn igi emi, igi tí à ń fi kóró èso rẹ̀ ṣe òrí. Nítorí pé ìtàn igi yìí àti ìtàn ẹgbẹ́ wa, ìtàn kan náà ni.

IGI ÀTAYÉBÁYÉ

Emi kì í ṣe igi inú igbó kìjikìji. Igi ọ̀dàn ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Senegal, ó gba Mali, Burkina Faso, Gánà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà kọjá, títí dé Uganda àti Ethiopia lápá ìlà-oòrùn. Orílẹ̀-èdè bíi 20 ni ó ti ń hù, kò sì sí ibòmíràn lágbàáyé tí ó ti ń hù fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwa ará Òkè-Ògùn, àwọn ará Kwara àti àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin ni Ọlọ́run fún. Àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Oǹdó kò ní in. Lọ́wọ́ àwọn ará òkè ni wọ́n ti ń rà á. Ọ̀yọ́-Ilé pàápàá, tí ó tú ní nǹkan bí ọdún 1835, àárín ọ̀dàn ni ó wà, igi emi sì ń bẹ nínú igbó ọba tí ìjọba fi ahoro ìlú náà ṣe lónìí.

Ẹ má rò pé àná ni àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í se òrí. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ tó ń hú ilẹ̀ wo ohun àtijọ́ kéde pé àwọn rí èèpo kóró emi ní abúlé kan tó ń jẹ́ Kirikongo ní Burkina Faso, èyí tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ikú Kristi. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Nígbà tí Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, dé ilẹ̀ Mali ní ọdún 1352, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun rí èso kan tí wọ́n ń yọ òróró láti inú kóró rẹ̀. Ó ní wọ́n ń fi òróró náà se oúnjẹ, wọ́n ń fi tan fìtílà, wọ́n ń fi para, wọ́n sì ń pò ó mọ́ erùpẹ̀ láti fi rẹ́ ilé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: yàtọ̀ sí ilé rírẹ́, kí ni ó kù nínú iṣẹ́ òrí tí àwọn ìyá wa kò mọ̀? Òrí ni wọ́n fi ń wọ́ ọmọ tuntun, òun ni wọ́n fi ń ra ẹsẹ̀ tó rọ́, òun ni wọ́n ń yọ́ fún ẹni tí ikọ́ ń ṣe.

FÍFI SÍLẸ̀ NI GBÍGBÌN RẸ̀

Òyìnbó tí orúkọ rẹ̀ wọ ìtàn igi yìí jù ni Mungo Park, ará Scotland. Ó dé agbègbè Segu ní ilẹ̀ Mali ní ọdún 1796, ó sì tẹ ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ jáde ní ọdún 1799. Ní ìrìn-àjò rẹ̀ kejì ni ó bá odò Ọya sọ̀ kalẹ̀ wá, tí ó sì kú sínú omi ní Bùsà, ní ọdún 1806. Bùsà yẹn kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa, ìlú àtijọ́ náà ti wà lábẹ́ omi Kainji báyìí. Nítorí rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi fi orúkọ Park kún orúkọ tí wọ́n ń pe igi emi tẹ́lẹ̀ nínú ìwé wọn.

Ohun tí ó kọ nípa igi náà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ kì í gbìn ín, nínú igbó ni ó ń hù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń ṣán igbó láti fi dá oko, gbogbo igi ni wọ́n ń gé, emi nìkan ni wọn kì í fọwọ́ kàn.

Ẹ gbọ́ ná. Bàbá bàbá tiwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá dúró ní oko àtijọ́ ní agbègbè wa, tí ẹ rí emi tó jìnnà síra wọn, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, tí iṣu tàbí ọkà bàbà wà láàárín wọn, kì í ṣe pé wọ́n ṣèèṣì wà bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan dúró pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó wo igi kékeré kan, ó sì yà á sílẹ̀. Ẹni náà mọ̀ pé òun lè má jẹ nínú rẹ̀. Emi kì í so èso àkọ́kọ́ kí ó tó pé ọdún 15 sí 20, ó sì tún máa ń tó ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so dáadáa. Ṣùgbọ́n tó bá ti wá bẹ̀rẹ̀, ó lè wà fún ọdún 200, ọmọ, ọmọ ọmọ àti àtọmọdọ́mọ yóò máa ṣa á.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kò sí ẹni tó gbìn ín. Fífi sílẹ̀ ni gbígbìn rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá ṣíwọ́ fífi sílẹ̀, ọjọ́ náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́, kódà bí àwọn àgbà igi ṣì dúró lójú wa.

BÍ AYÉ ṢE WÁ Ń WÁ ÒRÍ

Láyé ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó kóró emi lọ sí òkè òkun láti fi ṣe ọṣẹ àti bọ́tà jíjẹ. Lóde òní, ọ̀nà méjì ni ó ń bá lọ jù: ìpara àti ṣokoléètì. Ní ọdún 2000 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi ẹnu kò pé ẹni tó ń ṣe ṣokoléètì lè fi òróró mìíràn kún un yàtọ̀ sí bọ́tà kòkó, tí kò bá ti ju ìdá 5 nínú 100 lọ. Òrí wà lára òróró mẹ́fà tí wọ́n fọwọ́ sí, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2003. Nítorí náà, ọmọ tó ń jẹ ṣokoléètì ní Lọ́ńdọ̀nù lè máa jẹ òrí láìmọ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin dé kíkó kóró emi tútù lọ sí òkè òkun fún oṣù mẹ́fà. Igbákejì Ààrẹ, Kashim Shettima, sọ nígbà náà pé orílẹ̀-èdè wa ló ń pèsè nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 emi àgbáyé, ṣùgbọ́n pé ìdá kan péré ni ó ń bọ́ sí wa lọ́wọ́ nínú owó tó wà nínú òwò náà. Ohun tó fa èyí yé gbogbo wa tí a jẹ́ ọlọ́jà. Ẹni tó ta kóró, owó kóró ni yóò gbà. Ẹni tó se é di òrí ni yóò jẹ èrè. Ṣùgbọ́n kí a tó jà lórí èrè, igi ní láti wà ná.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI BÀJẸ́

Ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó ń parẹ́ láyé, tí wọ́n ń pè ní IUCN, ti kọ orúkọ emi sínú ìwé wọn láti ọdún 1998, pé ó wà lára àwọn igi tí ìparun lè dé bá. Kì í ṣe òun nìkan. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ yìí kan náà sọ pé nínú oríṣi igi 47,282 tí àwọn yẹ̀ wò káàkiri ayé, 16,425 ló wà nínú ewu. Ọ̀gánwó wà níbẹ̀, apá náà wà níbẹ̀.

Kí ló ń pa emi? Àkọ́kọ́, ilẹ̀ kò sinmi mọ́. Láyé àtijọ́, wọ́n á dá oko fún ọdún díẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó di igbó. Inú igbó yẹn ni ọmọ emi ti ń rí àyè dàgbà. Lónìí, ọdọọdún ni à ń dá ilẹ̀ kan náà, katakata ń hú ọmọ igi, oògùn apako ń jó o. Igi àgbà wà, ọmọ igi kò sí. Ìdílé tí kò bí ọmọ mọ́, ẹ mọ bí yóò ṣe parí.

Ìkejì, iná ọdọọdún àti ẹran tó ń jẹ ọmọ igi.

Ìkẹta ni èédú, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró lé, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Igi emi le, ó wúwo, èédú rẹ̀ kì í tètè kú. Nítorí náà ni àwọn oníbàárà ìlú ńlá fi ń béèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Òrí ni ìyá mi fi rán mi ní ilé-ìwé títí mo fi jáde girama. Ní àkókò òjò, kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá mi á ti mú fìtílà àti agbọ̀n, a ó máa ṣa emi kí màálù tó dé ibẹ̀, a ó máa fi igi na koríko nítorí ejò. A ó sè é, a ó sá a, a ó pa á, a ó yan án, a ó lọ̀ ọ́, a ó wá máa fi ọwọ́ pò ó nínú omi títí apá yóò fi fẹ́ já, kí òrí tó léfòó. N kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Nígbà tí mo ní ọjà tèmi, n kò ṣe é.

Nígbà tí ọmọ mi kejì wọ ilé-ìwé gíga, èédú ni mo tà fún ọdún mẹ́ta láti fi san owó rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ tó yẹ kó kó ẹrù mi bàjẹ́, ni mo bá fúnra mi wọ inú igbó lọ bá ẹni tó ń sun ún. Mo bá kùkùté igi lọ bẹẹrẹ, àwọn kan ṣì ń sun oje. Nígbà tí mo wo yíká, mo mọ ibẹ̀. Oko àbúrò bàbá ìyá mi ni, ibẹ̀ gan-an ni a ti ń ṣa emi. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ta igi náà. Inú bí mi, mo ní, "Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé kò sí igi mìíràn tí ẹ lè gé ni?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò bínú. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ má bínú, Mọ̀mọ́. Ẹ̀yin náà lẹ ní èédú tó le lẹ fẹ́."

N kò rí èsì fún un. Òótọ́ ló sọ.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ IGI MÌÍRÀN

Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé igi ọ̀dàn kò lè tán, kí ó rántí igi tí àwọn Hausa ń pè ní madobiya, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kosso. Igi ọ̀dàn ni òun náà, pákó rẹ̀ pupa. Àwọn ará Ṣáínà fẹ́ràn rẹ̀ fún àga àti ibùsùn. Láàárín ọdún 2014 sí 2017, igi náà tó jáde láti Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù kan. Lọ́dún 2017, wọ́n fi í sábẹ́ òfin àgbáyé tó ń ṣọ́ òwò igi àti ẹranko tó ń parẹ́, nígbà tó di ọdún 2018, wọ́n ní kí àwọn orílẹ̀-èdè má ṣe rà á lọ́wọ́ wa mọ́. Ọdún mélòó ni ó gbà? Kò tó márùn-ún. Àwọn tó gé e ná owó náà tán, òfin sì dé nígbà tí igi ti lọ.

Mo mọ̀ pé emi kò tíì dà bẹ́ẹ̀. Ó ṣì wà. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí nìyẹn.

OHUN TÍ ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀ SỌ

Mo padà sí inú ìwé wa. Mo bi ara mi pé, ọdún wo gan-an ni òrí bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, tí èédú ń pọ̀? Mo wá a títí mo fi rí i. Ọdún 2011 ni. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ á rántí ọdún náà. Àwọn kan yá owó wọn kò san, ẹgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú, ni ìpàdé gbogbogbò bá ṣe òfin pé láti oṣù kejì ni ẹni tó yá owó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san án, kó sì parí rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Òfin náà dára, ó gba ẹgbẹ́ là. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Àkókò òjò ni à ń ra kóró emi. Ẹni tó bá rà á, á sè é, á tọ́jú òrí rẹ̀ pamọ́ títí di ọyẹ́, nígbà tí awọ ara gbogbo ènìyàn á máa gbẹ, tí owó òrí á gòkè. Oṣù mẹ́ta kò lè gbé ìyẹn. Èédú ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì, owó ti dé. Nítorí náà, òfin tí a ṣe láti gba ẹgbẹ́ là ni ó tì wá kúrò nídìí òrí lọ sídìí èédú. Kò sí ẹni tó pète rẹ̀. A kàn ń kánjú ni. Igi tó gba 20 ọdún kó tó so, ti ó sì lè lo 200 ọdún láyé, a fi owó oṣù mẹ́ta gé e.

N kò kọ èyí láti bú àwọn tó ń ta èédú. Ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n, owó gáàsì kò ṣeé sún mọ́, owó ilé-ìwé kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi náà tà á. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ gbé síwájú ìpàdé gbogbogbò lẹ́yìn àjọ̀dún yìí:

Èkíní, kí a fún owó òrí ní òfin tirẹ̀. Kí ẹni tó bá yá owó ra kóró emi lọ́wọ́ òjò máa san án nígbà ọyẹ́, kí oníduro méjì sì dúró fún un, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2011 má bàa tún ṣẹlẹ̀.

Èkejì, kí àwa tó ń ra èédú sọ fún àwọn tó ń sun ún pé a kò ra ti emi àti ti igi igbá tó ń so irú. Melina wà, ó ń yára hù, ẹ̀ka kaṣú tí wọ́n gé dànù náà wà. Èédú rẹ̀ kò le tó ti emi, ṣùgbọ́n ó ń se ọbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ bá àwọn ọkọ yín àti àwọn ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀. Obìnrin ló ń ṣa emi, ọkùnrin ló ni ilẹ̀, òun náà ló sì ń ta igi. Ẹ bẹ̀ wọ́n pé bí wọ́n bá ń roko, kí wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọmọ emi tí wọ́n bá rí, kí alágbàṣe má bàa gé e. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín, kí ó gbìn ín. Kóró tútù ni kó lò, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tó jábọ́ láti orí igi, torí pé èyí tó bá ti gbẹ kì í hù mọ́. Kó gbìn ín sí ibi tó fẹ́ kó wà títí, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ ń tètè wọlẹ̀ jìn, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa lọ́ ọ kiri. Ilé ìwádìí ìjọba tó ń rí sí ọ̀pẹ, NIFOR, ló ń ṣe iṣẹ́ lórí emi náà ní Bìdá. Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń lọ́ ẹ̀ka igi àgbà mọ́ ọmọ igi kí ó lè tètè so. Ẹgbẹ́ lè rán ènìyàn méjì lọ kọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé, "Akọ̀wé, tí mo bá fi ọmọ igi sílẹ̀ lónìí, ìgbà wo ni n ó ṣa á?" Màá dáhùn bí ó ti yẹ kí akọ̀wé dáhùn. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ lọ́dún yìí, ó ṣeé ṣe kí n má ṣa nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ìyá mi ṣà tó fi san owó ilé-ìwé mi, kì í ṣe òun ló fi í sílẹ̀. Ẹni tó fi í sílẹ̀ kò mọ orúkọ mi.

Kí Ọlọ́run bù kún ọjà wa, kó pa ẹgbẹ́ wa mọ́, kó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tí yóò ka ìwé yìí nígbà àjọ̀dún àádọ́ta ọdún rí òrí tiwa-n-tiwa fi pa ara.

Èmi ni Akọ̀wé yín.